Kó o tó gba fọ́ọ̀mù PhD, lọ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ kúbù

Ọ̀kún o, àbúrò. O ní o ti gba máásítà, Kàbà lò ń gbé, o fẹ́ fi eérú èèpo ìrẹsì dípò apá kan sìmẹ́ńtì nínú kọnkéré; o wá ń béèrè bóyá kó o bẹ̀rẹ̀ PhD náà nílé níbí àbí kó o dúró de sikọ́láṣípù.

Fọ́ọ̀mù, tíránskíríìptì, pùrópósà, ìyẹn ò le, o ti ṣe irú ẹ̀ rí. Láàbù ni wàhálà wà. Ibẹ̀ la ti ń fi ẹ̀rọ fọ́ kúbù, ìyẹn kọnkéré onígun mẹ́rin kékeré, ká lè mọ bó ṣe lágbára tó. Kó o tó sanwó kankan, ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi yẹ ẹ̀rọ tó ń fọ́ kúbù wò hàn ọ́, wo ọdún tó wà lórí ẹ̀. Bí wọ́n bá ní "ẹ̀rọ wa dáa", gba ilé ẹ lọ. Èmi fọ́ kúbù títí lórí ẹ̀rọ tí kì í ka òótọ́. Alákòóso láàbù mọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi mọ̀, kò sẹ́ni tó lanu. Ọjọ́ dìfẹ́ǹsì ni olùyẹ̀wò láti ìta béèrè ìwé ẹ̀rọ, gbogbo wọn wá ń wo òrùlé. Mo tún gbogbo ẹ̀ pò láti ìbẹ̀rẹ̀, lówó ara mi. Obajana tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì wà nítòsí wa lóòótọ́, sìmẹ́ńtì ò torí ẹ̀ dínwó fún ọmọ Okun.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńkọ́? February 14, 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásítì, bẹ̀rẹ̀ tiwọn, October ni wọ́n tó wọlé. Kúbù mi wà nínú omi tí a ń rẹ ẹ́ sí kó lè gbó, géètì wà ní títì. Eérú kì í tètè ṣiṣẹ́ bíi sìmẹ́ńtì: ní ọjọ́ 28 lẹ́yìn tó o pò ó, agbára kọnkéré eléérú lè má tó ti kọnkéré lásán, ó lè di ọjọ́ 56 tàbí 90 kó tó lé e bá. Kúbù tó yẹ kó o fọ́ ní ọjọ́ 28, tó o wá fọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí lo fẹ́ fi wé? Mo bẹ HOD, olórí ẹ̀ka wa, ó ní kí n kọ lẹ́tà. Ta ló ń ka lẹ́tà nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀? Bá láàbù kan tí kì í ṣe ti fásítì sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Má sì gbọ́ tẹni tó ní kó o ṣáà dáná sun èèpo nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí ooru bá kọjá bíi 700°C, sílíkà inú ẹ̀, èròjà tó ń bá sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í di kírísítà, kò ní bá sìmẹ́ńtì ṣe dáadáa mọ́. Bí kò bá jó tán, èédú ló kún inú ẹ̀. Fọ́nnìsì, ìléru tó o lè darí ooru ẹ̀, ni kó o wá. ASTM C618, ìlànà tí wọ́n fi ń yẹ irú eérú bẹ́ẹ̀ wò, ní kí sílíkà, álúmínà àti ọ́sáìdì irin inú ẹ̀ lápapọ̀ tó 70%. Sun gbogbo èyí tó o máa lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Áà, sikọ́láṣípù lo béèrè. Ti TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló wà fún. Bí wọn ò bá tíì gbà ọ́ síṣẹ́, má dúró dè é. PTDF, àjọ ìjọba tó ń fi owó epo kọ́ èèyàn, ń gba ẹlòmíì, àmọ́ iṣẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kan epo àti gáàsì. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń dà sí kànga epo wà níbẹ̀, wo ìyẹn.