Ọmọ mélòó ló jókòó ìdánwò? Ìdáhùn sí alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kan ní Ìjùmú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ní Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí. Ilé-ìwé ìjọba mẹ́sàn-án ló wà ní ẹkùn wa: alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, sẹ́kọ́ńdìrì mẹ́ta. Nínú WAEC tó kọjá, sẹ́kọ́ńdìrì kìíní gba ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kẹta gba 25 péré. Mo kọ iye àwọn ọmọ sẹ́yìn ìwé yìí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbújá ti dáwó jọ, a sì fẹ́ ná an sórí lẹ́sìn SS3 níbi tó kẹ́yìn yẹn. Bàbá kan tún wá bá wa, ó ní òun yóò gbé ilé-ìwé náà dé 100 láàárín ọdún kan. Ṣé ká gbà?

Ìdáhùn: Òkun o, Alága. Ẹ má gbà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kúrò nílẹ̀, nítorí ìwé kẹrin nìyí lọ́dún yìí tí wọ́n fi irú rẹ̀ bi mí. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ nìkan gbé ilé-ìwé láti 25 dé 100 lọ́dún kan. Mírákù sẹ́ńtà ló ń tà fún yín: ìdáhùn á wọlé sórí fóònù, wọ́n á kọ ọ́ sójú pátákó, ìlú á sì dá owó fún alábòójútó ìdánwò. Òfin tó ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1999, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. WAEC lè dá èsì gbogbo ilé-ìwé dúró, wọ́n sì lè fagi lé e. Bí ẹ bá ti fún un lówó, ẹ wá lọ́yà. Èmi kì í ṣe lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ ìdá 92 àti 25 yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé yín. Níbi tí wọ́n ti gba 92, ọmọ 12 ló jókòó ìdánwò, 11 ló rí kírédítì márùn-ún gbà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Níbi tí wọ́n ti gba 25, ọmọ 48 ló jókòó, 12 ló rí i gbà. Ẹ tún un kà. Ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ dá lẹ́bi yìí fi ọmọ kan ju èyí tí ẹ ń yìn lọ! Níbi tí ọmọ kò ju 12 lọ sì rèé, bí ibà bá gbé ọmọ kan ṣánlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìṣirò, ìdá mẹ́jọ ti lọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé ibà ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi pírínsípà kìíní ni pé: ọmọ mélòó ló wọ JSS1 ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ìdánwò yẹn? Rẹ́jísítà wà lọ́fíìsì rẹ̀. Ká ní 40 ló wọlé, tó wá jẹ́ pé 12 ló jókòó, àwọn 28 yòókù ńkọ́? Àwọn kan á ti bá òbí wọn kó lọ sí Lọ́kọ́ja. Àwọn kan á wà lórí ọ̀kadà, ọmọbìnrin míì á ti bímọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ tí ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ lórí pé kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíì, kí wọ́n má bàa ba orúkọ ilé-ìwé jẹ́. Mi ò sọ pé tiyín ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo ní kí ẹ bèèrè ni. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe ìbẹ̀wò ilé-ìwé, èmi náà fọwọ́ sí irú àtẹ ìdá bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tó yé mi láti máa béèrè àwọn tí kò jókòó. Ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Ìdá tí WAEC fúnra wọn ń kéde ńkọ́? Ní August 2025, wọ́n ní ìdá 38.32 nínú àwọn ọmọ tó jókòó ní Nàìjíríà ló gba kírédítì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ní àdúgbò mi níbí, wọ́n bú olùkọ́, wọ́n bú òbí, wọ́n bú fóònù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, WAEC jáde pé àṣìṣe wà nínú kóòdù tí wọ́n fi máàkì ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ máa ń yan ìdáhùn rẹ̀, àti pé 62.96 ni. Àwọn ọmọ kan náà ni, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò sì yí padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá sẹ́kọ́ńdìrì kẹta yẹn lẹ́bi, ẹ ka olùkọ́ ìṣirò tó ní. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń kọ́ ọ láti JSS1 dé SS3, ẹ ti rí ìdí kan, àwọn aláṣẹ tó ń pín olùkọ́ lẹ ó kọ̀wé sí.

Lẹ́sìn SS3 ò burú. Ó ń ran ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dé SS3 tí kò lè ka ìpínrọ̀ kan kó yé e, lẹ́sìn oṣù mẹ́fà ò lè wò ó sàn, owó yín á kàn lọ ni. Ó pẹ́ tí UNICEF ti ń sọ pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan kó yé e tàbí ṣe ìṣirò kékeré. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà yín lọkàn mi wà.

Ẹ lọ sí Púráímárì 4. Ẹ mú ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde sábẹ́ igi, òun nìkan. Ẹ fi álífábẹ́ẹ̀tì hàn án, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà gbólóhùn, lẹ́yìn náà ìtàn kékeré. Ẹ kọ ibi tó dé sílẹ̀. Ẹ má tẹ́tí sí kíláàsì lápapọ̀ rárá: bí ogójì ọmọ bá ń ké tẹ̀lé olùkọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó ń kàwé yàtọ̀ sí èyí tó ti há a sórí. Ní Íńdíà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pratham ló sọ ọ̀nà yìí di ńlá. Ibi tí ìwé kíkà ọmọ bá dé ni wọ́n fi ń pín wọn sí ẹgbẹ́, wọn kì í wo ọjọ́ orí, fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́. Ìwé ìtàn tí kò nípọn, káàdì ọ̀rọ̀, àti owó ọkọ̀ olùkọ́ tó bá dúró lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí lóòjọ́ ni mo máa ná owó Àbújá yẹn lé. Ẹ má ra kọ̀ǹpútà o.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Yorùbá inú ìwé kọ́ ni Yorùbá ilé wa. Ohun tí ọmọ Owé, ọmọ Bùnú tàbí ọmọ Ìyàgbà gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ yàtọ̀, àwọn ọmọ àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà àti Bàsá tún wà nínú kíláàsì. Bí ọmọ bá ka ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, ó ti kà á. Ẹ fún un ní máàkì.

Mi ò tíì fojú kan ilé-ìwé yín, torí náà ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bí àṣẹ. Abẹ́ SUBEB, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS wà: ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Education Secretary ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó wọ kíláàsì. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí fún un. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004, ti sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di dandan dé JSS3.

Kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún àwọn híídímásítà pé ẹnikẹ́ni ò ní fi èsì yìí jẹ olùkọ́ níyà. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, àwọn ọmọ tí kò lè kàwé ni wọ́n máa ní kó jókòó sílé. Ẹ mú rẹ́jísítà dání, ẹ pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.