Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ iṣan ọpọlọ 12 wò lára aláìsàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè, tí ẹ ní ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn iṣan yìí (cranial nerves) ni okùn tó ti ọpọlọ jáde, tó ń gbé iṣẹ́ rán láàárín ọpọlọ àti ara. Méjì-méjì ni wọ́n, ọ̀tún àti òsì, nítorí náà ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ kan wé èkejì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti imú: kí aláìsàn dijú, kó di ihò imú kan, kó gbóòórùn kọfí tàbí ẹja yíyan. Ta ló ń ná ọjà Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ òórùn yẹn? Ẹ má lo róòbù, torí títa rẹ̀ ń kan iṣan karùn-ún, èyí tó ń mú kí ojú mọ ìfọwọ́kàn. Ó kan ojú: kó ka lẹ́tà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹyinjú, kó fi ojú tẹ̀lé ìka yín láì yí orí. Fún iṣan karùn-ún, ẹ fi òwú kan iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n, kó sì di eyín pọ̀.

Iṣan keje, èyí tó ń mú kí ojú àti ẹnu lè yí ìrísí padà, ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ ní kó wo òkè kí iwájú orí hunjọ, kó dijú pinpin, kó fi eyín hàn. Bí ẹnu bá wọ́ ṣùgbọ́n tí iwájú orí ṣì ń hunjọ lọ́tùn-ún lósì, inú ọpọlọ ni ọ̀ràn sábà máa ń wà, bíi rọpárọsẹ̀. Ẹ gbé e lọ ọsibítù ńlá kíákíá! Bí iwájú orí náà bá kú sílẹ̀, iṣan keje fúnra rẹ̀ ló sábà ń ṣàìsàn, síbẹ̀ dókítà gbọ́dọ̀ rí i.

Ìyókù kò pẹ́: ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí kọ̀ọ̀kan, kó lanu pe “áà”, kó gbé èjìká ti ọwọ́ yín, kó yọ ahọ́n. Ẹ̀gbẹ́ tí iṣan ti bà jẹ́ ni ahọ́n máa ń yà sí.