Ṣé ẹni tó jókòó lẹ́yìn Ààrẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́?

ÌBÉÈRÈ: Agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni kan wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa ọmọ ìlú tó ń gba $2,000, ó kéré tán, lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi ra ṣíà Meta, Google, Amazon àti Apple. Ó ní àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí ti fún Ààrẹ Trump lówó, wọ́n sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ ìbúra, nítorí náà gbogbo ẹjọ́ tí ìjọba pè wọ́n ti kú, ṣíà wọn ò sì lè wálẹ̀ mọ́. Mo ti kó $8,000 jọ. Ṣé kí n fi sí i? Ó tún ń jẹ mí lọ́kàn pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni owó yẹn. Ṣé òfin ò ní wá mú àwa tá a ra ṣíà náà?

ÌDÁHÙN: Ma, ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Màá padà sórí ìyẹn.

Òfin ò ní mú yín torí pé ẹ ra ṣíà ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà, ẹ fọkàn balẹ̀. Bóyá ṣíà náà dára tàbí kò dára, èmi kọ́ ló yẹ kó sọ. Amòfin ni mí, mi ò níwèé àṣẹ láti gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ohun tí yóò rà, àlàyé gbogbogbòò sì ni mò ń ṣe níbí. Ohun tó mú mi jókòó ti èsì yìí ni gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yín: "ẹjọ́ wọn ti kú." Ó ti tó ẹ̀ẹ̀kẹfà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọdún kan. Oníbàárà mi kan kó owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó ń ta irú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì rí i gbà padà títí di òní. Irọ́ ni, mo sì fẹ́ kí ẹ rí ibi tí irọ́ náà wà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín lò yẹ̀ wò: àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn baba wa ti fi àlàyé sínú orúkọ náà. À-bẹ̀-tẹ́lẹ̀: ohun tí a fi bẹ èèyàn sílẹ̀ kó tó ṣe nǹkan fún wa. Mo mọ ohun tí mò ń wá, ìwọ lo lágbára láti ṣe é, mo san owó ṣáájú, àwa méjèèjì sì mọ ohun tí owó náà wà fún. Òfin Amẹ́ríkà náà ń béèrè nǹkan mẹ́ta: ohun tí wọ́n fún aláṣẹ, iṣẹ́ ìjọba kan pàtó tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, àti àdéhùn tó so méjèèjì pọ̀. Ibi àdéhùn àti iṣẹ́ pàtó yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń fọ́.

Ẹ wo Bob McDonnell, gómìnà Virginia tẹ́lẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn àti owó yíyá tó lé ní $175,000 lọ́wọ́ oníṣòwò kan, aago Rolex wà nínú rẹ̀. Ní 2016, gbogbo adájọ́ 8 tó wà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ nígbà náà fagi lé ẹ̀bi tí wọ́n dá a. Wọ́n ní kí gómìnà báni ṣètò ìpàdé tàbí kó báni tẹ aláṣẹ kan láago kò tó láti pè ní iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fowó rà. Ní 2024, ó kan olórí ìlú Portage ní Indiana, James Snyder. Ìlú náà ra ọkọ̀ akólẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní nǹkan bíi $1.1 mílíọ̀nù, lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún fún un ní $13,000. Adájọ́ 6 nínú 9 ní òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́, tó wà fún aláṣẹ ìpínlẹ̀ àti ti ìlú, ẹ̀bùn tó ṣáájú iṣẹ́ ló ń mú, kò kan ìmoore tó tẹ̀lé e. Nígbà tí mo ka ìdájọ́ náà, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló sọ sí mi lọ́kàn: wọ́n ní ilé-iṣẹ́ yẹn kò bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. (Kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka èyí má lọ gba ẹ̀bùn o. Òfin tiyín yàtọ̀, ó ń mú ti ìmoore náà.)

Wàyí o, owó ayẹyẹ ìbúra. Meta, Amazon, Google àti Microsoft fi $1 mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìbúra ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Tim Cook ti Apple mú tirẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ náà kó jọ lé díẹ̀ ní $239 mílíọ̀nù. Ti Biden ní 2021 kò ju nǹkan bíi $62 mílíọ̀nù lọ. Òfin kò fi òdiwọ̀n sí iye tí èèyàn lè dá fún irú ìgbìmọ̀ yìí. Kìkì pé àjèjì kò gbọ́dọ̀ dá sí i, kí wọ́n sì kéde orúkọ ẹni tó bá dá tó $200. Wọ́n kò kọ ohun tí wọ́n ń wá sẹ́yìn sọ́wédowó náà. Nítorí náà, ohun tí mo lè sọ gẹ́gẹ́ bí amòfin ni pé òfin kò pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí lójú tèmi gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bí ire, ẹ óò rí i níwájú.

Ohun tí ọ̀gbẹ́ni yín kò rí nìyí: ohun tí kò jẹ́ kí òfin lè mú owó yẹn náà ni kò jẹ́ kó ní ọjà kankan láti tà fún yín. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ọjà tí wọ́n rà. Owó tí kò ní àdéhùn kò ní ọjà, ẹni tó san án kò sì lè lọ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti jókòó. Kó tó pé ọjọ́ 10 tí wọ́n búra fún Ààrẹ, Meta gbà láti san $25 mílíọ̀nù láti parí ẹjọ́ tí Trump pè é ní 2021 nígbà tí wọ́n ti Facebook, tó jẹ́ ti Meta, mọ́ ọn. Owó ìbúra nìyẹn, owó ẹjọ́ nìyí. Síbẹ̀, ní 14 oṣù kẹrin 2025, FTC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje ọjà, gbé Meta lọ sí kóòtù pé kó ta Instagram àti WhatsApp, Mark Zuckerberg, ọ̀gá Meta, fúnra rẹ̀ sì lọ jẹ́rìí. Meta jàre ní 18 oṣù kọkànlá. Mo mọ̀ pé ibí ni ọ̀gbẹ́ni yín máa fò sí, á ní "ṣé ẹ rí i?" Ẹ bi í pé ta ló dá ẹjọ́ náà. Adájọ́ James Boasberg ni, ẹni tí Ààrẹ Trump pariwo ní oṣù kẹta ọdún kan náà pé kí wọ́n yọ nípò! Ohun tó gbé ìdájọ́ rẹ̀ kà ni TikTok àti YouTube: ó ní Meta kò dá ọjà jẹ mọ́ nígbà tí àwọn yẹn ń gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. $1 mílíọ̀nù kò kan ibẹ̀.

Google ńkọ́? Ìjọba Trump àkọ́kọ́ ló pè é lẹ́jọ́ ní oṣù kẹwàá 2020, Adájọ́ Amit Mehta dá a lẹ́bi ní oṣù kẹjọ 2024 pé ó ń dá ọjà ìwákiri orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ lọ́nà tí kò bófin mu. Ní oṣù kẹrin 2025, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Sundar Pichai, ọ̀gá Google, jókòó ní ibi ìbúra, àwọn amòfin ìjọba ṣì dúró níwájú Mehta pé kó pàṣẹ kí Google ta Chrome, ètò tí àwọn èèyàn fi ń wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Adájọ́ kò gbà fún wọn ní oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ìjọba béèrè. Adájọ́ mìíràn ní Virginia tún dá Google lẹ́bi ní oṣù kẹrin yẹn kan náà lórí ọjà ìpolówó. Ní ti Amazon, ó gbà láti san $2.5 bílíọ̀nù fún FTC ní oṣù kẹsàn-án 2025 lórí bó ṣe ń fi ọgbọ́n kó àwọn èèyàn sínú Prime, ètò tí oníbàárà ń sanwó fún lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. $1.5 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ ti oníbàárà. Wọ́n ní àwọn kan tó forúkọ sílẹ̀ fún Prime láàárín oṣù kẹfà 2019 sí oṣù kẹfà 2025 lè gba owó tó tó $51 padà.

Ẹjọ́ Meta àti ti Google ṣì lè yí padà ní kóòtù tó ga jù, mi ò sì lè sọ bí wọ́n ṣe máa parí. Èmi kò sì ní kí ẹ gbà pé ojúsàájú kò sí. Ó wà, ó sì ń dùn mí. Kì í ṣe ibi tí ọ̀gbẹ́ni yín ń tọ́ka sí ló wà ni. Ibi tí ẹnì kan ṣoṣo ti lè fi kálámù yí nǹkan padà ni kí ẹ máa wò: owó orí ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun, ìwé àṣẹ láti ta ọjà sókè òkun, kọ́ńtíráàtì ìjọba.

Nígbà tí mò ń kọ́ òfin ilẹ̀ nílé, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn adájọ́ Nàìjíríà kì í túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí a ṣe ń pè é ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìdájọ́: ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń gbé iṣu tàbí owó wá lọ́dọọdún. Kò fi ra ilẹ̀. Ó fi ń jẹ́wọ́ pé ẹni yìí ló ni ín, kí wọ́n má bàa lé òun. Bó bá di àmọ́dún, yóò tún gbé e wá. Bí owó ìbúra yẹn ṣe rí lójú mi nìyẹn.

Ẹ wá wo Apple. Cook mú $1 mílíọ̀nù wá ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Ní 11 oṣù kẹrin, wọ́n yọ fóònù àti kọ̀ǹpútà kúrò lára owó orí gegere tí wọ́n gbé ka ọjà China. Ní 23 oṣù karùn-ún, Ààrẹ ní òun máa gbé 25% ka iPhone tí wọn kò bá ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní 6 oṣù kẹjọ, Cook gbé dígí kan tó ní ìdí wúrà káráàtì 24 wá sí White House, ó sì fi $100 bílíọ̀nù kún ohun tí Apple ti ní òun máa ná ní Amẹ́ríkà, ó di $600 bílíọ̀nù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n kéde pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń kọ́lé síbí kò ní san owó orí 100% tí Ààrẹ ní òun máa gbé ka chip, ohun kékeré tó jẹ́ ọpọlọ fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹjọ yẹn ni Nvidia, ilé-iṣẹ́ tó ń ta chip, náà gbà láti máa fún ìjọba ní 15% owó chip H20 tó bá tà sí China, kó tó lè rí ìwé àṣẹ, nínú orílẹ̀-èdè tí òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní kí wọ́n má gba owó orí lórí ọjà tó ń jáde.

Elon Musk, ọ̀gá Tesla, ná ju $250 mílíọ̀nù lọ lórí ìbò 2024, kò sí ọlọ́rọ̀ tó sún mọ́ Ààrẹ tó o. Ní 5 oṣù kẹfà 2025 wọ́n bú ara wọn ní gbangba, Ààrẹ ní ọ̀nà tó rọrùn jù láti dín ìnáwó kù ni kí wọ́n fagi lé kọ́ńtíráàtì Musk. Ṣíà Tesla já wálẹ̀ ní 14% lọ́jọ́ yẹn, ó dín ní nǹkan bíi $150 bílíọ̀nù. Ẹni tó sọ pé ṣíà ọ̀rẹ́ Ààrẹ kò lè wálẹ̀, ẹ fi èyí hàn án.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni èyí. Ní 29 oṣù kẹjọ 2025, wọ́n mú àǹfààní àìsan owó ẹnubodè kúrò lórí ẹrù kékeré tí kò ju $800 lọ, láti orílẹ̀-èdè gbogbo. Àwọn obìnrin wa tó ń gba aṣọ òkè àti àdìrẹ láti Ìṣẹ́yìn àti Abẹ́òkúta, páálí kan kan, bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ẹnubodè. Wọ́n pè mí, wọ́n ní ta ni àwọn máa bá sọ̀rọ̀. Mo fún wọn ní ìwé tí wọ́n máa fi kún fọ́ọ̀mù. Kò sí èyí tó ní wúrà tó máa gbé lọ sí White House nínú wọn.

Ó ku $8,000 yín. Ẹ bi ọ̀gbẹ́ni yẹn ní nǹkan méjì, ní kíkọ, nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn níwájú gbogbo yín: orúkọ ta ni yóò wà lórí àkáǹtì tí wọ́n máa fi ra ṣíà náà, nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ sì dà? Tí kì í bá ṣe orúkọ yín, ṣíà náà kì í ṣe tiyín. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí Investor.gov, ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ kò bá bá a níbẹ̀, ẹ pe àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò ní ìpínlẹ̀ Texas, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ti sanwó ṣáájú yín. Ẹ má jẹ́ kó ti ọ̀sẹ̀ yìí kọjá.