Àdí àgbọn tẹ́ ẹ fi ń pò òróró irùngbọ̀n, omi inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá

Bùrọ̀dá tó béèrè pé òróró irùngbọ̀n tí wọ́n fi àdí àgbọn àti ewé etí erin (aloe vera) tútù pò dì, ó sì ti ń rùn kó tó pé oṣù kan, ọ̀tọ̀ ni dídì o, ọ̀tọ̀ ni rírùn.

Dídì yẹn ò ṣe nǹkan kan. Tí òtútù bá ti mú débi pé ojú ọjọ́ wálẹ̀ sí bíi 24°C, àdí àgbọn á dì ni, ẹ wò ó nígbà ọyẹ́. Ẹ gbé ìgò ẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á yọ́. Tẹ́ ò bá fẹ́ kó máa dì gbagidi, ẹ dín àdí kù kẹ́ ẹ fi òróró yànmọtí kún un. Castor oil náà dáa àmọ́ díẹ̀ ni o, tó bá ti pọ̀ irùngbọ̀n á máa lẹ̀, gbogbo eruku títì á wá síbẹ̀.

Rírùn yẹn ló ká mi lára, omi ló ń fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se àdí fún irùngbọ̀n ọkọ mi àti orí àwọn ọmọ, torí èyí tí mò ń rà lọ́jà máa ń bàjẹ́ kí n tó lò ó dé ìdajì. Tẹ́ ẹ bá ti ha àgbọn, tẹ́ ẹ fún un, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ bu ọ̀rá tó bá léfòó, iná jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sè é. Ẹ ó máa gbọ́ tó ń ta pàrà pàrà, omi ló ń pariwo yẹn, àfi kó dákẹ́ pátá, kí pàǹtí ìsàlẹ̀ ẹ̀ pọ́n kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ sẹ́ ẹ, kó tutù tán kẹ́ ẹ tó dé e, torí ooru tẹ́ ẹ bá dé mọ́ ọn, omi náà ló máa padà dà. Èyí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ da díẹ̀ sínú páànù gbígbẹ lórí iná, tó bá ń ta, omi ṣì wà níbẹ̀.

Ewé etí erin tútù tẹ́ ẹ lọ̀ mọ́ ọn yẹn ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sí i mọ́, omi ló kún inú ẹ̀. Vitamin E ò lè gbà á là, kí afẹ́fẹ́ má tètè ba òróró jẹ́ ni iṣẹ́ tiẹ̀, kì í pa kòkòrò. Ẹ kọ́kọ́ fi etí erin para, kẹ́ ẹ wá fi àdí lé e.

Òróró olóòórùn bíi rosemary, ẹ̀kán mẹ́fà ti tó nínú ìgò 30ml, tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ ó lè máa ta yín lójú. Tí irorẹ́ bá sì máa ń yọ sí yín lójú, orí ni kẹ́ ẹ máa fi àdí àgbọn sí, ẹ lo òróró yànmọtí nìkan fún irùngbọ̀n. Èyí tó ti ń rùn yẹn, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ fọ ìgò ẹ̀ kẹ́ ẹ sì sá a kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó rọ òmíì sí i.