Èsì: Ilé tí ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé lè lọ wò l'Ékòó

Ẹ kú ìbéèrè o, mà. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé, ẹ sì ń wá ilé tẹ́ ẹ lè mú un lọ wò. Oníkàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, sí John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá. Ṣeun Odùwọlé àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní SI.SA, ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé, ló yà á. Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ wo ògiri rẹ̀ dáadáa: àwọ̀ amọ̀ ni, bíi ti ilé àwọn baba wa. Koríko ni wọ́n gbìn sórí òrùlé, tó dà gẹ̀rẹ̀ bíi pé inú ilẹ̀ ni ilé náà ti hù jáde. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí Dókítà Randle, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé náà, kọ́ síbẹ̀ fún ọmọ Èkó ní 1928, wọn ò gbàgbé ẹ̀ o. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Freedom Park ò jìnnà síbẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ayé òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, kí Theo Lawson tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́.

Ilé-ìwé orí omi Mákòkó tẹ́ ẹ ní ẹ gbọ́ pé ó wó, òótọ́ ni, ní 2016. Igi àti àgbá oníke ni Kúnlé Adéyẹmí fi kọ́ ọ. Àmọ́ iṣẹ́ náà ò parí síbẹ̀: irú ẹ̀ ti wà lórí omi ní Mindelo, ní Cape Verde, láti 2021. Ẹ sọ èyí fún ọmọ náà, kí ẹ̀rù má bà á.

Ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsùlù dání, kó máa ya ohun tó bá rí.