Bíà tí mo pọn nílé ní Àkúrẹ́ ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ṣé kí n dà á nù?

Ẹ má tíì dà á nù o. Bí ó bá ṣì ń hó, ìwúkàrà ló ń tú afẹ́fẹ́ tó ní imí-ọjọ́ jáde, pàápàá ìwúkàrà lágà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i. Òórùn yẹn sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má sì máa ṣí ìdérí wò ó ṣáá.

Òórùn ọtí kíkan gan-an ló burú. Atẹ́gùn ti wọlé, kòkòrò tó ń sọ ọtí di kíkan ti ráyè, kò sì sí àtúnṣe mọ́.

Tó bá jẹ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, tàbí ti ásítóònù tí wọ́n fi ń nu èékánná, ooru ló sábà máa ń fà á. Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà bíà ń fẹ́ ìwọ̀n 18 sí 22 Sẹ́líṣíọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ooru Àkúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń kọjá 30. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú bàsíà omi tútù, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó. Fíríìjì tí a lè ṣètò sí ìwọ̀n yẹn ì bá dára jù, àmọ́ iná wa la mọ̀.

Òórùn bọ́tà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti yára yọ bíà náà kúrò lórí ìwúkàrà.