Ilẹ̀ yín ló wà níhòòhò

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí o, àǹtí mi. Mo rí ìbéèrè yín pé ẹ̀ ń bomi rin ẹ̀fọ́ àti ata yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń rọ, ewé ń pọ́n, kànga sì ti ń gbẹ débi pé ẹ ti ń ra omi lọ́wọ́ onítáńkà. Ẹ ní kí ẹni tó ti ṣe é rí sọ̀rọ̀, kó má sì jẹ́ ohun tó máa kó owó lọ. Ó yé mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi náwó dànù lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ojú mi tó là.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, lápá Akóbọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi kò ju bíi yàrá méjì lọ. Tí òjò bá ti dá nínú oṣù kọkànlá, ó di oṣù kẹta kí a tó tún fojú kan òjò gidi. Ọyẹ́ á wá wọlé sáàárín, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á máa fa omi lára ewé bí ọmọdé tó rí ọsàn.

Lọ́dún àkọ́kọ́, rọ́bà omi ni mo máa ń gbé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mo bá rí i pé ewé ti sọ̀ kalẹ̀, tí màá sì wọ́n omi lé wọn lórí. Ewé á gbérí fún bíi wákàtí kan, inú mi á dùn. Lọ́jọ́ kan tí mo bomi rin tán, mo kàn fi ìka walẹ̀ lẹ́bàá ata kan. Òkè tutù dáadáa. Nígbà tí ìka mi wọlé dé oríkèé kejì, eruku gbígbẹ ni mo bá níbẹ̀, eruku tó ń ṣàn láàárín ìka. Gbogbo omi ọ̀sẹ̀ yẹn kò dé ìdí gbòǹgbò rárá. Oòrùn ni mò ń fún lómi mu. Èyí tó tún burú ni pé gbòǹgbò máa ń tẹ̀lé omi: bí omi bá ti ń dúró lókè, òkè ni gbòǹgbò náà máa gbà lọ, níbi tí ooru ti máa sè é.

Ẹ lọ fi ìka yín wò ó kí ẹ tó ka ìyókù.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mi ò bomi rin ata àti tòmátì lójoojúmọ́ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni, tí oòrùn bá le gan-an, ọjọ́ méjì méjì. Àmọ́ tí mo bá bù ú, mò ń bù ú yó: mo máa ń da agolo kan sí ìdí rẹ̀, màá jẹ́ kó wọlẹ̀, màá tún da òmíràn. Ìdí ni mò ń da omi sí o, mi ò wọ́n ọn sórí ewé. Ìdájí ni mo sì ń ṣe é, kí oòrùn tó yọ. Tí ilẹ̀ tiyín bá jẹ́ oníyanrìn, ẹ lè máa ṣe é lemọ́lemọ́ díẹ̀, nítorí yanrìn kì í di omi mú. Ẹ̀fọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn àti èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ kò sí nínú òfin yìí. Àwọn yẹn ń fẹ́ omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ẹ bo ilẹ̀ náà. Nínú fọ́tò tí ẹ fi hàn wá, ilẹ̀ yín mọ́ tónítóní, ẹ ti gbá a bí ìta ilé. Ó dára lójú, àmọ́ ìhòòhò ló wà. Gbogbo ewé máńgòrò tí ẹ̀ ń kó jọ tí ẹ̀ ń sun yẹn, òun ni aṣọ rẹ̀. Koríko gbígbẹ dára, èèpo ẹ̀pà dára, èèpo ẹ̀wà náà dára, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tí ẹ ya wẹ́wẹ́ náà dára. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin ilẹ̀ yẹn yó, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ ẹ lé e lórí, kó nípọn tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tí ẹ bá ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ máa rí i pé abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, tó bá sì pẹ́ díẹ̀, ekòló á bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ eléyìí, omi tí mò ń lò kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Ewu mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí mo ti fara gbá. Èkíní, ẹ má jẹ́ kó kan ìdí igi ata. Ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀, torí ikán fẹ́ràn nǹkan gbígbẹ, tó bá sì jẹ ewé tán, igi ata ló kàn. Èkejì, ẹ má lo koríko tó ti so èso, àfi tí ẹ bá fẹ́ máa ro koríko títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀kẹta, àkèekèé. Ẹ wọ bàtà, ẹ má fi ọwọ́ lásán wú u sókè. Mi ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtàǹpàkò mi mọ ohun tó rí.

Nǹkan kan tún wà tó jọ mọ́ ọn. Ebè gíga tí a máa ń kọ lásìkò òjò kí omi má baà rẹ gbòǹgbò, ọ̀tá ni lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Tó bá ti di oṣù kọkànlá, mo máa ń tú ebè mi ká, màá wá gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀fọ́ náà kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀nà tí mò ń tẹ̀ lọ. Omi tí mo bá dà síbẹ̀ kò ríbi sá lọ.

Ẹ béèrè nípa tòmátì tó ń dúdú nídìí. Èmi náà rò pé àrùn ni. Mo ra oògùn, mo fín in, ó tún ń dúdú. Mo ra èyí tó wọ́n ju ìyẹn lọ, ìdí rẹ̀ tún dúdú, ó rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ bí ẹni fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àìgúnrégé omi ló ń fà á: lónìí ó yó, ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi rí omi, ọ̀la ẹ tún dà á kún un. Èròjà kálísíọ̀mù inú ilẹ̀, omi ló máa ń gùn dé inú èso. Tí omi bá ń já lójú ọ̀nà, kálísíọ̀mù náà kì í dé ìdí èso, ìdí á sì dúdú. Látìgbà tí mo ti ń bo ilẹ̀, tí mo sì ń tẹ̀lé ọjọ́ omi mi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti òdòdó tó ń re lára ata àti tòmátì nínú oṣù kejì yẹn, ooru ló ń fà á, pàápàá tí òru kò bá tutù. Ẹ má ra oògùn kankan sí i. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ díẹ̀ ṣíji bò wọ́n lápá ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ sì ní sùúrù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù wàyí. Ṣé ẹ rántí àmù ìyá àgbà, bó ṣe máa ń làágùn lára tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù? Òógùn yẹn ni mo ń lò. Mo ra ìkòkò amọ̀ kékeré mẹ́rin, èyí tó ń gba bíi lítà márùn-ún, tí wọn kò fi nǹkan kan kun. Mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn, mo gbin ata yí wọn ká, mo sì rọ omi kún wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ, ó ń fa omi gba ara ìkòkò. Bí ilẹ̀ bá tutù, fífà náà á dín kù. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bu omi mu. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo fi ń rọ omi sí i. Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n ti fi se ọbẹ̀ rí, epo ti dí ojú rẹ̀. Ẹ sì dé e, mo ní ẹ dé e o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé ìtọ́jú ọmọ ẹ̀fọn lẹ gbẹ́ sẹ́yìn ilé.

Tí owó ìkòkò kò bá sí, ike omi lítà kan ààbọ̀ wà ní ibi gbogbo. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò wínní méjì sí ọmọrí rẹ̀, ẹ gé ìdí rẹ̀, ẹ ri ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ata. Erùpẹ̀ máa ń dí ihò náà, nítorí náà ẹ fi èérún aṣọ dí i lẹ́nu díẹ̀. Kò dára tó ìkòkò, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni.

Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, ẹ má dà á nù. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù náà ń ṣiṣẹ́. Omi ọṣẹ ìfọṣọ nìkan ni mi ò jẹ́ dà sí ẹ̀fọ́ tí mo máa jẹ. Mo dà á sídìí ewúro kan rí, ewúro, tí kì í kú! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣàìsàn.

Ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́? Ọdún kejì mi nìyẹn. Ẹnì kan fún mi ní àpò kan lọ́fẹ̀ẹ́, tútù ló wà, mo dà á sídìí tòmátì mẹ́rìndínlógún. Lọ́jọ́ kẹta, etí ewé wọn ti pọ́n bí ẹni tí iná lá. Méjìlá kú. Ní báyìí mo máa ń bò ó sábẹ́ tapólì fún oṣù méjì ó kéré tán, màá máa yí i, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó ń bù ú, ẹ̀kúnwọ́ kan fún igi kan.

Ní ti kòkòrò, àwọn ọmọ tata dúdú tó máa ń ṣù jọ sórí ewé, ìdájí ni kí ẹ mú wọn. Òtútù ti mú wọn, wọn kò lè fò, ẹ gbọ̀n wọ́n sínú ike olómi ọṣẹ. Fún kòkòrò wẹ́wẹ́ abẹ́ ewé, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pò ó mọ́ ọṣẹ díẹ̀, ẹ fín in nírọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Ó kù kan, ẹ má bínú sí mi: ọgbà yín ti tóbi jù fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ùgwù yẹn, ọ̀mùtí omi ni. Ẹ fi í sílẹ̀ títí òjò á fi dé. Ẹ mú ilá, ewúro, efinrin àti ata díẹ̀, kí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí ibi kékeré kan tó súnmọ́ ibi tí omi wà. Tí ewédú yín kò bá ń hù, ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í sínú omi gbígbóná gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ tètè yọ ọ́ bọ omi tútù. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti hù.

Tí ẹ bá wà ní Ìbàdàn náà, ẹ sọ fún mi. Irúgbìn ṣọkọ yòkòtò kún inú ìgò kan nílé ìdáná mi, ẹ wá bù níbẹ̀.